Àhesọ àti ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn lórí ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́

Àhesọ ni ìròyìn tó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Kì í ṣe gbogbo àhesọ ló jẹ́ irọ́. Ohun tó sọ ọ́ di àhesọ ni pé ẹ̀rí kò tíì sí lẹ́yìn rẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń sọ ọ́. Lórí WhatsApp, Facebook, TikTok àti X (tó ń jẹ́ Twitter títí di oṣù Keje ọdún 2023), ọ̀nà kan náà ni àhesọ àti ìròyìn tòótọ́ ń gbà jà ràn-ìn, ìdí sì nìyí tó fi ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí Festac Town, Apple Junction, Maza-Maza àti Abúlé-Àdó wà, rí méjì tó lágbára nínú irú rẹ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo, ìyẹn 2020.

Àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Gordon Allport àti Leo Postman, ará Amẹ́ríkà méjì, kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní ọdún 1947 pé nǹkan méjì ló ń bí àhesọ: kí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn èèyàn gbọ̀ngbọ̀n, kí ó sì má ṣe kedere. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣaláìsí, àhesọ kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1966, Tamotsu Shibutani fi kún un pé ìròyìn tí ará ìlú jọ ń hun fúnra wọn ni àhesọ, nígbà tí àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀ kò bá sọ ọ́, tàbí tí wọ́n sọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọ́n gbọ́. Àlàyé Shibutani yìí ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ Èkó mu jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkejà gbiná, ó sì ń bú gbàmù léraléra. Àwọn kan ní ogun ló dé, àwọn mìíràn ní àwọn ológun tún fẹ́ gbàjọba. Ogunlọ́gọ̀ sá gba apá Ìsọlọ̀ lọ, nínú òkùnkùn sì ni wọ́n já sínú kánààlì Òkè-Àfà tí koríko omi bò lójú. Àwọn tó kú lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé omi ló gbé wọn lọ, kì í ṣe iná. Kò sí Facebook nígbà náà, fóònù GSM kò sì tíì pé ọdún kan ní Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ àti ẹnu nìkan ni àhesọ náà fi rìn.

Nígbà tí fóònù wá wọ́pọ̀, àhesọ gun orí rẹ̀. Ní ọdún 2004, ìjayà bá àwọn èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ní ẹni tó bá gbé ìpè láti àwọn nọ́ńbà kan yóò ṣubú lulẹ̀, yóò sì kú. Ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀, ó sì tún jí ní ọdún 2011 pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, 09141, débi pé àjọ NCC, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ní láti jáde wá sọ pé ìpè kì í pa èèyàn.

Ohun tí ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ fi kún un ni ìṣírò. Ní ọdún 2007 ni Chris Messina dábàá kí wọ́n máa fi àmì # síwájú ọ̀rọ̀ lórí Twitter. Ní 2008 ni Twitter bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn. Ní 2009 ni bọ́tìnì àtúnpín dé. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àkójọ náà kì í wo iye èèyàn tó sọ̀rọ̀ nìkan. Bí iye yẹn ṣe fò sókè lójijì ló ń wò jù. Ìdí nìyí tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Mile 2, tí gbogbo ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́, kì í fi í wọ àkójọ náà, tí orúkọ òṣèré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó kú sì ń wọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí orúkọ bá ti wọ àkójọ, àwọn tó rí i yóò béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìbéèrè wọn yóò kún iye tí kọ̀ǹpútà ń kà, ẹni tó ń pariwo pé irọ́ ni yóò sì kún un pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń tan iná ran ọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń pa á.

Wọ́n tún lè fowó ra ipò nínú àkójọ náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, BBC gbé ìwádìí kan jáde pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní Nàìjíríà ń sanwó ní bòókẹ́lẹ́ fún àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára kí wọ́n lè tan irọ́ kálẹ̀ nípa alátakò ṣáájú ìdìbò. Owó tí wọ́n san fún ẹnì kan tó 20 mílíọ̀nù náírà. Ẹni tó bá gbà pé gbogbo ohun tó ń jà ràn-ìn ló ti ọkàn ará ìlú wá, kó tún inú rò.

WhatsApp kò ní àkójọ irú bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àhesọ Yorùbá ń gbé. Inú gúrúùpù ni wọ́n ń gbà kọjá: ti ìjọ, ti mọ́sálásí, ti ọmọ ilé-ìwé àtijọ́, ti àwọn onílé àdúgbò. Bó ṣe ń yí padà lọ́nà ṣe é rí. Ká ní tirela dùbúlẹ̀ ní Apple Junction nírọ̀lẹ́. Ẹni tó wà nínú dánfó níbẹ̀ kọ ọ́ pé, “Tirela ti ṣubú ní Apple, ọ̀nà ti dí.” Ẹnì kejì, tí kò sí níbẹ̀, fi “Ẹ gba First Gate” kún un. Ẹnì kẹta rí ohun tó jọ èéfín nínú fọ́tò, ó ní tánkà epo ni. Kó tó dé gúrúùpù àwọn ìyá ìjọ, ó ti di, “Tánkà ti gbiná ní Festac, ẹ pe àwọn ọmọ yín o.” Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Aago, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ló máa ń tètè já bọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó ń kó ìpáyà báni ni kì í já bọ́. Nítorí pé kò ní ọjọ́ lára mọ́, ó lè sùn fún ọdún kan, kó tún jí bí tuntun. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ làwọn èèyàn mọ̀, òun náà ni wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì yóò kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí òun ṣe gbà á lòun ṣe fi ránṣẹ́, ìyẹn á sì gbé ẹrù náà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ìwà ká máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa yìí kan náà wúlò lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti ọdún 2011 ni ojú òpó Gidi Traffic ti ń gba ìròyìn ojú ọ̀nà Èkó lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ gan-an, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló sì ń fi í mọ ibi tí wọn yóò gbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irọ́ ojú ọ̀nà kì í pẹ́ kó tó tú: ẹlòmíràn yóò gba ibẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò sì tún un sọ.

Irọ́ nípa àìsàn kì í tètè tú bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan gba orí BBM, WhatsApp àti àtẹ̀jíṣẹ́ pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òru ni àwọn òbí ń pe ọmọ wọn lórí fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Gbogbo àwọn tí Ebola fúnra rẹ̀ pa ní orílẹ̀-èdè náà jẹ́ mẹ́jọ, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì wà lára wọn.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, lásìkò ìsémọ́lé kòrónà, ọ̀rọ̀ gbalẹ̀ ní Agége, Alímọ̀ṣọ́ àti Ṣàngó Ọ̀tà pé àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú “One Million Boys” àti “Awawa” ń bọ̀ wá jalè. #LagosUnrest àti #OgunUnrest gba orí Twitter kan. Àwọn ọkùnrin dáná táyà sẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wọn, wọ́n sì mú àdá dání di ìdájí. Àwọn ọlọ́pàá mú ọ̀pọ̀ afurasí, nítorí náà kì í ṣe pé kò sí olè rárá. Àmọ́ iná tí àdúgbò kan dá láti ṣọ́ ara rẹ̀ ni àdúgbò kejì rí lókèèrè, tó yà ní fídíò, tó sì fi ṣe ẹ̀rí pé ogun ti dé tòsí.

Oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni Abúlé-Àdó ti bú gbàmù. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbúgbàmù kan wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní agbègbè náà, ó ba ilé-ìwé Bethlehem Girls College jẹ́, ó sì pa èèyàn tó lé ní ogún, títí kan ọ̀gá ilé-ìwé náà, Reverend Sister Henrietta Alokha. Fídíò kún orí fóònù kí àwọn panápaná tó parí iṣẹ́. Àwọn kan pè é ní bọ́ǹbù. Iléeṣẹ́ epo NNPC ní ọkọ̀ ńlá kan ló lọ kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí ọ̀pá epo. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, BBC Africa Eye kó àwọn fídíò tí àwọn ará àdúgbò yà jọ, wọ́n tò wọ́n ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ohun tí wọ́n rí sì tako ti NNPC: ọkọ̀ tó ru ẹrù òkúta wúwo ló dúró lórí ọ̀pá epo, ọ̀pá náà sì jò kó tó di pé iná ràn án. Fídíò tí àhesọ gùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló padà di ẹ̀rí.

Ti Maza-Maza tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni àwọn ológun yìnbọn níbi ìwọ́de #EndSARS, tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS, ní Lẹ́kkí. Lórí Twitter, iléeṣẹ́ ológun lẹ òǹtẹ̀ ìròyìn òfegè mọ́ àwọn ìròyìn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá gbà pé àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba ti dà báyìí, tí kónílé-ó-gbélé sì wà lóde, kò sí ẹni tó ń dúró de ìkéde mọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ pé àwọn olóṣèlú kó oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà pamọ́. Ní ọjọ́ 22, èrò ya wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Monkey Village, Maza-Maza, wọ́n sì bá a níbẹ̀ lóòótọ́: páálí indomie, ìrẹsì, gààrí, ṣúgà àti iyọ̀, tí àkọlé CACOVID (àjọ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó pèsè ìrànwọ́ kòrónà) wà lára wọn, pé kì í ṣe fún títà.

Fídíò àwọn tó gbé páálí lérí ni ìròyìn náà, òun náà sì ni ìwé ìpè. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí tiwọn wà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n já ti Ẹdẹ, Ìlọrin àti Calabar; ní ọjọ́ 24 ó kan Bukuru lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, ní 25 ó dé Adamawa, ní 26 ó dé Gwagwalada ní Abùjá. Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ṣàlàyé pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ń dúró de ìyókù ẹrù ni, àti pé àwọn mìíràn ń fi pamọ́ de ìgbì kejì àrùn náà. Àlàyé yẹn lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn tí ilẹ̀kùn ti já ló dé. Àhesọ Maza-Maza tọ̀nà lórí ohun tó wà nínú ilé náà. Lórí ìdí tó fi wà níbẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Kó tó dé àwọn ìlú mìíràn, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó wà nínú ilé mọ́: ìjọba Èkìtì ní láti kìlọ̀ pé àgbàdo tí wọ́n kó jẹ́ irúgbìn tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí, pé kò ṣe é jẹ.

Ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù lórí ìyára irọ́ ni ti Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral ní MIT, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní ọdún 2018. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ bíi 126,000 wò, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn pín lórí Twitter láàárín 2006 sí 2017. Òótọ́ gba ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ 1,500 èèyàn, èèyàn gan-an ló sì fà á, kì í ṣe ẹ̀rọ. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ti orí ayélujára kò ju wákàtí mélòó kan lọ, ilé ìkẹ́rùsí sì lè ti ṣófo kó tó bá a.

Onírúurú ọ̀nà ni wọ́n ti gbà láti dín in kù. Africa Check ṣí ọ́fíìsì ní Èkó ní 2016, Dubawa bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni láti yẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ wò. Ní 2019, WhatsApp dín iye ibi tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà kù sí márùn-ún; ní oṣù Kẹrin 2020 ó sọ ọ́ di ẹyọ kan fún ọ̀rọ̀ tó bá ti lọ káàkiri, iléeṣẹ́ náà sì ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba àpapọ̀ gba ọ̀nà míì: ó fòfin de Twitter láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Àwọn èèyàn fi VPN gba ẹ̀yìn wọlé, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ ní oṣù Keje 2022 pé ìfòfindè náà kò bófin mu. WhatsApp, níbi tí àhesọ pọ̀ sí jù, kò sí nínú ìfòfindè náà. Títì ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ tì pa, iléeṣẹ́ tó ni í pàápàá kò lè ka ohun tó wà nínú gúrúùpù; ìgbà tí ẹnì kan bá mú un jáde wá béèrè ni àwọn ayẹ̀wò-òótọ́ tó lè mọ̀ pé ó wà.