Rashidi Yekini: Atamátàsé Ọmọ Nàìjíríà ní Ẹ̀yìn Odi

Rashidi Yekini (1963–2012) ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jùlọ ní ilẹ̀ Áfríkà. Òun náà ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Láti ọdún 1987 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, bọ́ọ̀lù gbé e dé orílẹ̀-èdè méje: Côte d'Ivoire, Pọ́túgàl, Gíríìsì, Sípéènì, Swítsálandì, Tùnísíà àti Saudi Arabia. Ẹni tó bá ka orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn lè rò pé iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní gbogbo ibi tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ ti so èso tó kún, ìlú ọ̀hún kò sì tóbi. Setúbal ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé

Kaduna ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1963, ṣùgbọ́n ọmọ Ìrá ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ìlú tí àwọn onísìn Ọya gbà pé òrìṣà náà ti wọlẹ̀. Òkè Ọya ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ikọ̀ UNTL, ikọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kaduna. Nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ní ikọ̀ tiwọn, ọ̀dọ́ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá yóò rí aṣọ wọ̀, yóò rí bàtà, yóò sì rí ẹni tí yóò máa wò ó.

Ní ọdún 1982 ó dé Ìbàdàn, sí ikọ̀ Shooting Stars. Ọdún tó tẹ̀lé e, ikọ̀ náà gba líìgì Nàìjíríà, èyí ló sì gbé wọn dé ìdíje àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfríkà. Wọ́n bá a dé àṣekágbá ní 1984, àmọ́ Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì nà wọ́n ní Cairo, ó tún nà wọ́n ní Èkó. Ìyà ńlá ni èyí jẹ́ fún gbogbo ará Ìbàdàn. Yekini kọjá sí Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà, sí Abiola Babes, ikọ̀ tí olóògbé M.K.O. Abiola dá sílẹ̀, tó gba ife Challenge Cup ní 1985 àti 1987.

Ó ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Kì í ṣe irú agbábọ́ọ̀lù tí ń fi bọ́ọ̀lù dárà kí òǹwòran lè pàtẹ́wọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn àwọn adíléyìn, kí òun sì sáré bá a. Bí ó bá ti ṣíwájú wọn, ó di dandan kí wọ́n fà á láṣọ kí wọ́n tó lè dá a dúró, nítorí pé eré ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò fún ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọra gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá sọ ọ́ ní Goalsfather, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí ó fi kú.

Abidjan

Ní àkókò tí à ń sọ yìí, Abidjan ní Côte d'Ivoire ni ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà gbà jáde. Ìlú náà kò jìnnà, owó CFA ní agbára ju náírà tí ń ṣubú lọ, àwọn ará Yúróòpù tí ń wá agbábọ́ọ̀lù sì máa ń wá wo ìdíje ibẹ̀. Stephen Keshi ti gba ibẹ̀ kọjá sí Bẹ́ljíọ̀mù kí Yekini tó dé. Africa Sports, ikọ̀ tí òun àti ASEC jọ ń du ipò àkọ́kọ́ ní Abidjan, ló gba Yekini ní 1987.

Ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ òde òní tí ń kánjú lọ sí Yúróòpù ṣàkíyèsí nìyí: ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló jẹ́ nígbà tó kúrò ní Nàìjíríà, kò sì tẹ Yúróòpù kí ó tó pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti mọ irú agbábọ́ọ̀lù tí òun jẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Setúbal

Setúbal wà ní gúúsù Lisbon, lẹ́bàá odò Sado. Ìlú apẹja ni, ìlú tó fi ẹja sàdínì àti agolo rẹ̀ jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ikọ̀ ìlú náà ni Vitória, pápá ìṣeré wọn sì ni Bonfim. Wọn kì í ṣe Benfica, wọn kì í ṣe Porto. Yekini dé ibẹ̀ ní 1990, ọdún kan lẹ́yìn náà ni ikọ̀ náà já sí ìpele kejì.

Ọ̀pọ̀ àjèjì ni ì bá ti kó ẹrù ní ọjọ́ náà. Yekini dúró. Ọdún méjì ló fi gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì ní Pọ́túgàl, ní àwọn pápá kéékèèké tí kámẹ́rà kì í dé, lójú àwọn adíléyìn tí kò mọ̀ ju kí wọ́n gbá ẹsẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù lọ. Ní sáà 1992 sí 1993, ó gbá góòlù 34 sáwọ̀n, Vitória sì padà sí ìpele àkọ́kọ́. Àwọn kan fi ọwọ́ rọ́ àwọn góòlù wọ̀nyẹn sẹ́yìn nítorí pé ìpele kejì ni. Sáà tó tẹ̀lé e dá wọn lóhùn: Yekini gbá góòlù 21 ní ìpele àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó jẹ góòlù tó tirẹ̀ ní gbogbo líìgì Pọ́túgàl lọ́dún náà, nínú ikọ̀ Benfica, Porto àti Sporting pàápàá.

Báwo ni ikọ̀ kékeré ṣe lè ní ẹni tó jẹ góòlù jù? Ìdáhùn rẹ̀ kò fara sin. Ní Setúbal, òun ni wọ́n fi ṣe òpó. Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò ni ibi tí Yekini wà, iwájú rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e sí. Ikọ̀ tí kì í ṣe ọ̀gá líìgì máa ń fa sẹ́yìn, alátakò á sì gòkè wá, àlàfo ńlá á ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn adíléyìn alátakò náà. Àlàfo yẹn gan-an ni Yekini mọ̀ ọ́n lò. Bí èèyàn bá gbé e lọ sí ikọ̀ ńlá tí àwọn alátakò ń pagbo sí ojúlé wọn dè, àlàfo náà á dí, ohun tó mọ̀ jù kò sì ní rí àyè ṣe.

Nítorí àwọn góòlù wọ̀nyẹn àti èyí tó ń gbá fún Nàìjíríà ni wọ́n fi dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jùlọ ní Áfríkà fún ọdún 1993. Èrò mi ni pé iyì àmì-ẹ̀yẹ náà tún ga sí i nítorí pé ikọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpele kejì gòkè ló wà nígbà tó gbà á.

Ọdún 1994

Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún 1994, Nàìjíríà lọ sí Tùnísíà fún Ife Ilẹ̀ Áfríkà. Yekini ti jẹ góòlù jù nínú ìdíje kan náà ní Senegal ní 1992. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbá márùn-ún, ó sì tún borí gbogbo wọn. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, Côte d'Ivoire ni wọ́n bá pàdé, orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ gbà á lálejò. Ó gbá góòlù kan sáwọ̀n wọn, wọ́n sì ta ọ̀mì 2–2 kí Nàìjíríà tó fi pẹ́nálítì borí. Góòlù méjì tí Emmanuel Amunike gbá ló fi ẹ̀yìn Zambia balẹ̀ ní àṣekágbá, 2–1. Yekini ti wà nínú ikọ̀ tí Kamẹrúùnù nà ní àṣekágbá 1984 àti 1988. Ọdún mẹ́wàá ló fi dúró de ife náà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Nàìjíríà wọ pápá Cotton Bowl ní ìlú Dallas láti kojú Bùlùgáríà, ìdíje Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa kópa nínú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógún, Finidi George fa bọ́ọ̀lù kọjá níwájú ojúlé láti apá ọ̀tún. Yekini ti dé ibẹ̀. Kò ṣe ohun ìyanu kankan sí bọ́ọ̀lù náà, ó kàn tì í wọlé ni. Ohun tó tẹ̀lé e ni gbogbo ayé rántí. Kò sáré lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran. Ó tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín okùn àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń mi orí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kámẹ́rà kò gbọ́. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ọdún UNTL, àwọn ọdún Abidjan àti ìpele kejì ní Setúbal nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò ní béèrè ìdí tó fi sunkún.

Daniel Amokachi àti Amunike gbá méjì mọ́ ọn, ó di 3–0. Wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Ajẹntínà, wọ́n na Gíríìsì, Ítálì sì lé wọn sílé ní ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí Roberto Baggio dá góòlù padà nígbà tí ìdíje ku ìṣẹ́jú méjì. Yekini kò gbá òmíràn sáwọ̀n ní Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn Setúbal

Olympiacos ti ilẹ̀ Gíríìsì ló rà á lẹ́yìn Ife Àgbáyé. Ikọ̀ ńlá ni, owó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá ọkùnrin tó ti pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́bi pé ó lọ síbi tí owó wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò wọ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí: bí ẹni tó wà lẹ́yìn kò bá gbé bọ́ọ̀lù wá, atamátàsé yóò kàn máa sáré kiri lásán ni. Ohun mìíràn tún wà. Ṣáájú ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ Yúróòpù lórí ẹjọ́ agbábọ́ọ̀lù Bosman ní oṣù Kejìlá 1995, iye àjèjì tí ikọ̀ Yúróòpù lè lò kò tó nǹkan. Àjèjì tí kò bá jẹ góòlù láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n á ti máa wá ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀.

Ó kọjá sí Sporting Gijón ní Sípéènì ní 1995. Níbẹ̀ náà, iná rẹ̀ kò jó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó padà sí Setúbal ní 1997 fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ àkókò ti lọ. FC Zürich ní Swítsálandì ló gbé e dìde díẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti bá Nàìjíríà lọ sí Ife Àgbáyé 1998 ní Faransé. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Bizerte ní Tùnísíà àti Al-Shabab ní Riyadh, ó sì padà sí Africa Sports ní Abidjan. Julius Berger ní Èkó gbà á nígbà tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ó sì tún fara hàn pẹ̀lú Gateway ní Abẹ́òkúta ní 2005.

Ohun kan tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ẹni tó jẹ góòlù jù nínú Ife Ilẹ̀ Áfríkà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra kò ní àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìjọba Abacha fa ikọ̀ Nàìjíríà sẹ́yìn nínú ìdíje 1996 ní South Africa, nítorí aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún ajàfẹ́tọ̀ọ́ Ken Saro-Wiwa, àjọ CAF sì fòfin dè wọ́n ní 1998. Ọdún mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀ nínú ayé agbábọ́ọ̀lù tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ìgbẹ̀yìn àti àkọsílẹ̀

Ìbàdàn ló fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì ń kọ̀wé pé ara rẹ̀ kò yá. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, wọ́n sì sin ín sí Ìrá. Ìgbà tó kú ni ariwo tó sọ nípa rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ̀dùn ọkàn ńlá ni èyí, nítorí pé ọdún tó fi wà láàárín wa láìsí iṣẹ́ kankan tí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù fi lé e lọ́wọ́ kò kéré. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ bí a ti ń sáré bọ́ sí ẹ̀yìn adíléyìn ì bá ti rí i kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà nínú ìdíje tó lé ní àádọ́ta. Nígbà tó jáde láyé, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó tíì sún mọ́ ọn. Nínú ìran tòní, Victor Osimhen ni ẹni tó ti kọjá 30, tó sì ń lé e bọ̀. Gbogbo ìyókù, láti ìran Nwankwo Kanu títí dé ti Yakubu Aiyegbeni àti Obafemi Martins, tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn ikọ̀ tó lókìkí ju Vitória Setúbal lọ lọ́nà tó pọ̀, kò dé ibẹ̀.