Ìdíyelé Kẹ̀kẹ́ Eré Ìje Àtijọ́ ní Costain àti Agbègbè Rẹ̀

Ìdíyelé kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́ ni ọ̀nà tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà fi ń mọ iye tó tọ́ sí kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1990, irú èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká sílẹ̀ bí ìwo àgbò. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn ní Èkó. Ẹrù tó bá jáde ní èbúté Apapa sábà máa ń gba oríta Costain kọjá kí ó tó ya sí Surulere, Yaba tàbí Mushin. Oríta náà gba orúkọ lára ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tí Richard Costain dá sílẹ̀ ní Liverpool lọ́dún 1865. Lójú títì, bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń dán sí ni wọ́n fi ń pe owó rẹ̀. Òṣùwọ̀n yẹn kò dára, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ rere jẹ́.

Raleigh ni orúkọ tí àwọn àgbà wa mọ̀ jù. Nottingham ni Frank Bowden ti gbé e dìde ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tó sì yá, wọ́n ń to kẹ̀kẹ́ náà ní Kano. Ṣùgbọ́n Raleigh ju Raleigh lọ. Èyí dúdú tí olùkọ́ àti akọ̀wé ń gùn wúwo. Èyí tí wọ́n fi páìpù Reynolds 531 ṣe, páìpù tó jáde ní 1935, fúyẹ́, òun ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń wá. Bébà kékeré tó ń jẹ́rìí sí i sábà máa ń wà lára páìpù tó gbé ìjókòó. Inú ẹgbẹ́ eléré-ìje TI-Raleigh ni Joop Zoetemelk wà nígbà tó gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ní 1980, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa, dúdú àti yẹ́lò ẹgbẹ́ náà wà lára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú. Bébà Reynolds yẹn ni kí a wò, kì í ṣe àwọ̀.

Ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára irin. Bí a bá fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nu họ́ọ̀bù Sturmey-Archer tó wà lára àwọn Raleigh onígíà mẹ́ta, a ó rí lẹ́tà AW àti nọ́ńbà ọdún: 58 ni 1958. Ilé-iṣẹ́ Campagnolo ti Ítálì náà tẹ PAT. àti ọdún, bíi PAT. 74, sára ọ̀pọ̀ nǹkan tí ń sún ṣéènì lẹ́yìn. Ọdún ohun èlò nìyẹn, kì í ṣe ti fíréèmù, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun èlò bẹ́ẹ̀ nìkan lè níye lórí ju ohun tí wọ́n ń pè fún odindi kẹ̀kẹ́ lọ.

Ibi tó yẹ kí a yẹ̀ wò jù wà lábẹ́ fíréèmù, níbi tí páìpù ìsàlẹ̀ ti pàdé ọrùn. Kí a fi ìka wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá wú tàbí tó sán wẹ́wẹ́, kẹ̀kẹ́ náà ti forí sọ nǹkan rí, irin rẹ̀ ti tẹ̀. Wẹ́dà lè nà án kó tọ́ lójú, àmọ́ irin fẹ́ẹ́rẹ́ tí iná líle ti jó kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a gbìyànjú láti fa ìjókòó sókè. Bí ọ̀pá alumíníọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ irin pátápátá, ẹni tí kẹ̀kẹ́ náà kò bá gígùn rẹ̀ mu kò ní lè gùn ún, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Táyà náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ lára wọn ń lo oní-íńṣì 27, tí etí ríìmù rẹ̀ jẹ́ mílímítà 630. Ti òde òní, 700C, jẹ́ 622. Ọ̀kan kì í wọ èkejì. A lè fi ríìmù 700C rọ́pò rẹ̀ bí bíréèkì bá lè sọ̀kalẹ̀ ní mílímítà mẹ́rin. Kẹ̀kẹ́ Peugeot àtijọ́ ti Faransé tún ṣòro wá ohun èlò fún jù: ife bíárìn ti Gẹ̀ẹ́sì kì í wọ fíréèmù Faransé ìgbà náà.

Ìṣirò rẹ̀ kò ju pé kí a mọ iye tí irú rẹ̀ tó pé ń tà gan-an, kí a yọ owó àtúnṣe kúrò. Ká ní èyí tó pé ń lọ ní ₦250,000, tí táyà àti túùbù jẹ́ ₦40,000, ṣéènì ₦10,000, wáyà àti páàdì bíréèkì ₦15,000, owó iṣẹ́ ₦15,000. ₦170,000 ló kù, kí oníṣòwò tó fi èrè tirẹ̀ sí i. Iye ọdún tó kọjá kò ṣeé gbára lé. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan. Ní 2024 ó ti kọjá ₦1,500, gbogbo ohun èlò tó ń ti òkè òkun wá sì tẹ̀ lé e.

Kíkùn ló ń ṣèpalára jù. Kí ọjà lè yá, wọ́n á fọ́n ọ̀dà tuntun lé fíréèmù, bébà Reynolds á lọ, àmì ìkọlù á bò mọ́lẹ̀, ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ á sì kọjá lọ. Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti họ, tó dógùn-ún díẹ̀ lójú, yẹ kó gbowó ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ. Ẹni tó fẹ́ tà á kò nílò ju omi ọṣẹ, kẹrosíìnì, àti afẹ́fẹ́ nínú táyà.