Mítà Iná ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ: Láti Ìgbà ECN Títí Dé Ìgbà Tókìn

Ó ṣòro kí èèyàn rí ilé tí ayálégbé pọ̀ sí ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìlárá Rẹ́mọ tí wọn kò tíì jà sí ọ̀rọ̀ mítà rí. Ẹnì kan á ní fíríìjì aládùúgbò òun ló ń jẹ yúníìtì tán, onílé á ní mítà ló ń sáré, òṣìṣẹ́ iná á ní mítà kì í purọ́. Ìjà náà ti pẹ́ ju mítà tó wà lára ògiri lọ. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni bóyá ẹni tó ń sanwó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń kà sí i lọ́rùn.

Lókè òkun ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mítà tí Thomas Edison kọ́kọ́ lò fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní New York kò ní nọ́ńbà kankan lójú. Àwo síǹkì ló wà nínú omi kẹ́míkà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ á wá yọ àwo náà, á lọ gbé e sórí òṣùwọ̀n, bí ìwúwo rẹ̀ bá ṣe yí padà ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Kí ni oníbàárà fẹ́ wò níbẹ̀? Ní 1889, Ottó Bláthy, ẹlẹ́rọ ará Hungary, ṣe mítà tó ní àwo pẹlẹbẹ kan tí iná fúnra rẹ̀ ń yí.

Irú mítà oníkẹ̀kẹ́ yẹn ni àwọn àgbàlagbà mọ̀ láti ayé ECN, àjọ tó ń pín iná ìjọba nígbà náà. Iná ti wà ní Èkó láti 1896, ṣùgbọ́n òfin tó dá ECN sílẹ̀ ní 1950 ló kó pínpín iná ìjọba sábẹ́ ọwọ́ kan. Àpótí dúdú ni mítà náà, ó ní gíláàsì níwájú, àwo alumíníọ̀mù sì ń yí nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì kan létí àwo tó máa ń kọjá lójú èèyàn. Wọ́n máa ń kọ iye ìgbà tí àwo gbọ́dọ̀ yí kí yúníìtì kan tó pé sára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 600, tí èèyàn sì tan kẹ́tùlù 2,000 wáàtì nìkan ṣoṣo, ogún ìgbà ni àmì náà máa kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ní aago lọ́wọ́ lè dán mítà wò láìbẹ ẹnikẹ́ni. Àǹfààní ńlá nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1972, ECN àti àjọ tó ń ṣàkóso ìsédò Kainji di NEPA.   Lábẹ́ NEPA, mítà ṣì ń yí, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wá kà á ni kò dé. Nígbà mìíràn ẹnu ọ̀nà wà ní títì, nígbà mìíràn mítà ti bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ilé kò tilẹ̀ ní rárá. Bíìlì àfojúbù bá di àṣà. Mítà tó péye tó sì wà lára ògiri kò wúlò fún onílé tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì bu iye owó fún.

PHCN gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA ní 2005. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fa pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ilẹ̀ Rẹ́mọ sì bọ́ sábẹ́ IBEDC, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Ní 2020, NERC, àjọ tó ń ṣàmójútó iṣẹ́ iná, fi gbèdéke sí bíìlì àfojúbù. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò pínpín mítà káàkiri orílẹ̀-èdè. Mítà tí wọ́n ń pín ni èyí tó ń gba tókìn oní-nọ́ńbà ogún, ìlànà tó wá láti South Africa. Ìlànà náà ń ka ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ 1993, ààyè ìkà rẹ̀ sì kún ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá 2024. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí onílé kọ́kọ́ tẹ tókìn méjì tí kò ní yúníìtì kankan nínú kí èyí tó rà tó wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn fura pé wọ́n fẹ́ fi yí mítà wọn ni. Kò sì yani lẹ́nu: láti oṣù kẹrin ọdún náà ni yúníìtì kan ti kúrò ní nǹkan bí ₦68 di ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù.

Mítà tókìn kò ní àwo tó ń yí, àmọ́ iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 1600 imp/kWh sí i, bí ó bá ṣẹ́jú nígbà 1600, yúníìtì kan ti pé. Kẹ́tùlù 2,000 wáàtì ìṣáájú yẹn yóò mú kí ó ṣẹ́jú bí ìgbà mẹ́tàléláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú aago kan. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Iná 230 fọ́ọ̀tì ni kẹ́tùlù náà fi ń jẹ 2,000 wáàtì; bí iná àdúgbò bá rẹlẹ̀ sí 180, nǹkan bí 1,225 wáàtì ni yóò jẹ, iná pupa á sì ṣẹ́jú bí ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mítà kò tíì ṣe nǹkan kan. Iná ló rẹlẹ̀.

Mítà kékeré tí èèyàn ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí á wá ki plọ́ọ̀gì fíríìjì bọ ojú rẹ̀, wúlò gidi níbi báyìí, torí ó ń fi fọ́ọ̀tì àti wáàtì hàn pa pọ̀. Fún kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù, ó sábà máa ń súnmọ́ òótọ́. Fún ṣájà fóònù tó ń jẹ wáàtì kan tàbí méjì, àwọn olówó pọ́ọ́kú inú wọn lè ṣì í kà gan-an. Àwọn mítà ńlá náà sì ń ṣì í kà nígbà mìíràn: ní 2017, Frank Leferink àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Twente ní Netherlands dán mítà ìgbàlódé mẹ́sàn-án wò pẹ̀lú gílóòbù LED tí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Márùn-ún nínú wọn kà ju bó ti yẹ lọ, ọ̀kan tilẹ̀ fi 582 nínú ọgọ́rùn-ún lé e.

Nàìjíríà ní NEMSA, àjọ tí òfin 2015 gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò mítà lé lọ́wọ́. Ohun tí mítà inú sọ́kẹ́ẹ̀tì bá sọ kò lè rọ́pò àyẹ̀wò tiwọn, ṣùgbọ́n ará Rẹ́mọ tó ń lọ fẹjọ́ sùn lè kọ fọ́ọ̀tì, wáàtì àti iye ìgbà tí iná pupa ṣẹ́jú sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tó kà wọ́n, kó tó kúrò nílé.