Aro: Nígbà Tí Ẹbí Di Ara Ìwòsàn

Bí a bá dárúkọ Adéoyè Lambo, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí ni pé dókítà tó kàwé nílùú ọba ni, síbẹ̀ tó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Òótọ́ ni, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni iṣẹ́ Aro ti jinlẹ̀ jù. Ohun tó ṣe tó ju ìyẹn lọ ni pé ó sọ ẹbí aláìsàn di ara ìwòsàn. Láti Aro yìí kan náà ni èsì ti jáde fún àwọn tó ń fojú tín-ín-rín ọpọlọ ènìyàn dúdú.

Kí Lambo tó dé, àtìmọ́lé ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọ́jú wèrè. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ilé tí wọ́n ń kó wọn sí ní Yábàá, l'Ékòó. L'Abẹ́òkúta, ilé tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí ní Lantoro ni wọ́n kó àwọn sójà tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì sí. Ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò sì sàn ju àwọn ilé wọ̀nyẹn lọ. J. C. Carothers, dókítà tó ti ṣe àkóso ilé àwọn wèrè ní Mathari, ní Nairobi, kọ ọ́ ní 1951 pé ọmọ Áfíríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀, pé ìwà rẹ̀ jọ ti òyìnbó tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé apá yẹn. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, kí ni yóò tún máa náwó ìwòsàn sí?

Ní 1954 ni Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, dé Aro. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Kò dúró de bíríkìlà. Ó bá àwọn abúlé mẹ́rin tó yí i ká sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi yàrá háyà fún aláìsàn. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń gbà láìmú ìbátan kan, ó kéré tán, dání: ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì mú un lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Oògùn òyìnbó wà níbẹ̀, ìtọ́jú oníná mànàmáná náà wà. Ilé ìwòsàn bá àwọn onílé ṣètò omi àti ìmọ́tótó. Ìbátan tó bá fojú ara rẹ̀ rí bí ara aláìsàn ṣe ń yá kò ní bẹ̀rù àtimú un padà sílé.

Ní 1961, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell, tí Alexander Leighton ṣaájú, dara pọ̀ mọ́ Lambo àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọ abúlé àti ìlú, wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu àwọn Yorùbá, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé ti àgbègbè kan ní Kánádà. Ìwé wọn jáde ní 1963: àmì àìsàn tí wọ́n rí níhìn-ín jọ ti ọ̀hún. Tí àìsàn bá jọra báyìí, níbo ni ọpọlọ tó yàtọ̀ wà? Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ṣe ìwádìí àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ní ibùdó mẹ́sàn-án káàkiri ayé, Ìbàdàn wà lára wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn aláìsàn Ìbàdàn ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn lọ ní àwọn ìlú olówó.

Àwọn kan ti bi ìwádìí ìkẹyìn yìí léèrè, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn ìwòsàn kò dájú tó. Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì ní gbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi lé e. Ti 1963 ṣì dúró. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹbí, àtakò tó le jù ni pé ẹbí kan náà ló ń so aláìsàn mọ́lẹ̀ ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tó ń fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹbí tó dá wà láìní olùrànlọ́wọ́ ló sábà máa ń dé ibẹ̀. Ní Aro, dókítà wà nítòsí, oògùn wà, onílé wà, ìyàwó aláìsàn kan sì ń rí ìyá aláìsàn mìíràn bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹbí nìkan ló ṣiṣẹ́. Ètò tó gbé ẹbí ró ni.

Ní oṣù kìíní 2023 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin wèrè ayé òyìnbó. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ń kọ́ wọ́ọ̀dù tuntun láìṣètò yàrá, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ìdajì iṣẹ́ Lambo ni wọ́n jogún. Kí àwọn tó ń pín owó ìlera má fi ìdajì kejì sílẹ̀.