Bọ́ọ̀lù bowling yín lè má tíì bàjẹ́, ẹ wo ara ẹ̀ ná

Ẹ̀yin olólùfẹ́ eré bowling, ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí. Bọ́ọ̀lù tó ń yà dáadáa lọ bá àwọn igi mẹ́wàá nígbà tẹ́ ẹ rà á, tó wá ń lọ gbọọrọ báyìí, ọ̀pọ̀ á ní ó ti kú, wọ́n á lọ ra òmíràn. Ẹ ní sùúrù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara ẹ̀ ló ti dán jù.

Láti ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù dé ibi igi àkọ́kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. Epo wà lójú pátákó yẹn láti iwájú, ibi tó sún mọ́ igi sì gbẹ. Bọ́ọ̀lù á yọ̀ lórí epo, tó bá dé ibi gbígbẹ, á di ilẹ̀ mú, á wá yà. Ṣe ẹ mọ táyà tó ti pá nínú òjò? Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù tó ti dán jù lórí epo tó pọ̀.

Fóòmù pẹlẹbẹ tí sánpépà wà lójú ẹ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Nọ́ńbà wà lára ẹ̀: 500, 1000, 2000, 4000. Ibí ló ti ń rú àwọn èèyàn lójú o: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ara bọ́ọ̀lù ṣe máa rí ṣákaṣàka tó. Ti 500 á tètè di ilẹ̀ mú, ó dáa níbi tí epo bá pọ̀. Ti 4000 á yọ̀ jìnnà kó tó yà, tẹ́ ẹ bá tún fi pọ́líìṣì sí i, á tún yọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, torí kó lè máa dán gbinrin lójú èèyàn làwọn kan ṣe ń kùn ún ní pọ́líìṣì, epo ò sì mọ ẹwà.

Ẹ kọ́kọ́ nu epo àti ìdọ̀tí kúrò. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí i, ẹ fi omi rẹ fóòmù náà, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba. Ẹ máa yí bọ́ọ̀lù náà sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn títí tí fóòmù á fi kàn án yíká, kí àkókò tẹ́ ẹ lò níbì kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Tó bá jẹ́ 2000 lẹ fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 500, kẹ́ ẹ gba 1000 kọjá. Ẹni tí ò ní ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ ṣe é, ó kàn máa pẹ́ ni.

Kò ní dúró bẹ́ẹ̀ títí ayé. Bó ṣe ń yí lórí pátákó ló ń dán padà. Èyí tí wọ́n fi reactive resin ṣe tún máa ń fa epo mu, torí náà ẹ nù ún kíákíá tẹ́ ẹ bá ti ṣeré tán.

Ní Amẹ́ríkà, òfin USBC ò gbà kí èèyàn ha ara bọ́ọ̀lù nígbà tí ìdíje bá ń lọ lọ́wọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, aṣọ gbígbẹ nìkan ni wọ́n lè fi nù ún níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ha, ó gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìdíje.

Wọn ò ṣàdédé le koko lórí ara bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1973, Don McCune ń rẹ bọ́ọ̀lù tiẹ̀ sínú kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní MEK kí ara ẹ̀ lè rọ̀. Ife mẹ́fà ló gbà lọ́dún yẹn, òun náà sì ni PBA fi ṣe agbábọ́ọ̀lù ọdún. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn aláṣẹ gbé òfin jáde lórí bí ara bọ́ọ̀lù ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Kẹ́míkà yẹn máa ń tètè gbaná, ẹ má dán an wò nílé o.

Bọ́ọ̀lù polyester tẹ́ ẹ fi ń lé igi kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ kù ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ kó máa dán. Kó lọ gbọọrọ náà la ṣe rà á.