Ìjà Dick Tiger ní Ìbàdàn

Richard Ihetu, tí ayé mọ̀ sí Dick Tiger, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ọmọ wọn. Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1929. Aba ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́. Ní 1955 ó kọjá sí Liverpool, wọ́n sì lù ú nínú ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀. Kò torí ẹ̀ padà sílé. Hogan Bassey, ọmọ Calabar, ti fi hàn ní Paris ní 1957 pé ọmọ Nàìjíríà lè gba ìgbànú àgbáyé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, Tiger gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ le. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas, wọ́n sì ta ọ̀mì.

Ìbàdàn ni wọ́n gbé ìjà kẹta wá, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ní Liberty Stadium. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ pápá náà, ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ ní Èkó lásìkò yẹn. Oṣù kan lẹ́yìn ìjà náà ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ìlú kò fararọ, àní ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀ ti pín sí méjì. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìjà tí kò ní òṣèlú nínú fi dùn mọ́ni tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Abẹ́òkúta náà lè lọ wò ó, torí ìlú wọn kò jìnnà sí Ìbàdàn: títì wà, ojú irin sì ti so ìlú méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà. Ẹni tí kò bá lè lọ, asọ̀rọ̀mágbèsì ń bẹ nílé.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló kún pápá náà. Tiger lu Fullmer títí ìpele keje fi parí, ni àwọn tó ń tọ́jú Fullmer bá ní ó tó. Fullmer kò jà mọ́ láyé rẹ̀.

Ogun abẹ́lé dé ní 1967, Tiger sì gbè sẹ́yìn Biafra. Ẹni tí wọ́n ti ń hó yè fún wá di ará ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Aba ló kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, lẹ́ni ọdún 42.

Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Abẹ́òkúta wà, rí akànṣẹ́ tirẹ̀ nígbẹ̀yìn. Anthony Joshua, tí wọ́n bí sí Watford, ní ẹbí ní Ṣágámù, ó sì kàwé díẹ̀ ní Mayflower, Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ Rẹ́mọ ni o, kì í ṣe Ẹ̀gbá bí àwọn ará Abẹ́òkúta. Ó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní London ní 2012, ó sì da Wladimir Klitschko dùbúlẹ̀ ní Wembley ní 2017 lójú 90,000 ènìyàn. Òkè òkun ni gbogbo ìjà ìgbànú rẹ̀ ti wáyé, nítorí náà orí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti ń wò ó.