Iye àti Òṣùwọ̀n Rẹ̀ ní Nàìjíríà

Bí kóńgò tí obìnrin kan fi ń wọn gààrí bá tóbi ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, kò sí oníbàárà tí ó lè fi iye owó nìkan mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ dínwó jù. Bákan náà ni iye tí ìjọba ń kéde rí. Iye ènìyàn àti iye aláìríṣẹ́ kò ṣeé fi wéra àfi bí a bá fi ìlànà kan náà kà wọ́n. Ìtàn Nàìjíríà fi hàn bí ó ti ṣòro tó láti ní òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, àti wàhálà tí àìní rẹ̀ ń dá sílẹ̀.

Nínú ìkànìyàn ọdún 1931, ìwọ̀nba ìlú díẹ̀ ni a ti ka ènìyàn láti ojúlé dé ojúlé. Ní ibi tí ó pọ̀ jù, inú ìwé owó-orí ni àwọn aláṣẹ òyìnbó ti yọ iye tí wọ́n kọ sílẹ̀. Eéṣú bo Òkè Ọya, ìjà owó-orí sì dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní Ìlà-Oòrùn. Ní ọdún 1941, ogun kò jẹ́ kí a ka ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀, a ka Òkè Ọya ní àárín ọdún 1952, a ka Ìwọ̀-Oòrùn láti ìparí ọdún náà wọ ọdún 1953, a sì ka Ìlà-Oòrùn ní àárín ọdún 1953. Ẹni tí ó bá ṣí láti Kánò lọ sí Enugu láàárín àkókò náà lè di kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá ṣí láti Enugu lọ sí Kánò lè ṣàìsí nínú ìwé rárá. Síbẹ̀, iye tí ó jáde, tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 30, ni a fi pín ìjókòó Ilé Aṣòfin fún ìbò ọdún 1959.

Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ẹkùn ti mọ̀ pé agbára ń bẹ nínú iye. A wọ́gi lé ìkànìyàn ọdún 1962, a sì tún un ṣe ní ọdún 1963. Iye tí a kéde lé ní mílíọ̀nù 55. Ìjọba Ìlà-Oòrùn kọ̀ ọ́, ó sì gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 1964, ṣùgbọ́n kò jàre. Iye ti ọdún 1973 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 80. Ìjọba Murtala Mohammed wọ́gi lé òun náà ní ọdún 1975.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, a ka gbogbo orílẹ̀-èdè ní àkókò kan náà, a sì yọ ìbéèrè ẹ̀sìn àti ti ẹ̀yà kúrò nínú ìwé. Iye tí ó jáde kò pé mílíọ̀nù 90, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé a ti kọjá 100.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ìkànìyàn. Ilé-iṣẹ́ ìṣirò tí ìjọba àmúnisìn dá sílẹ̀ ní ọdún 1947 ni òfin ọdún 2007 sọ di àjọ tí ń ṣe àkóso ìṣirò ìjọba lónìí. Ní ìparí ọdún 2020, àjọ náà kéde pé aláìríṣẹ́ jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, iye náà di 4.1. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ti kún ìgboro. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀ ni a ń kà mọ́ aláìríṣẹ́. Ìlànà tuntun, tí ó bá ìpinnu àpérò àwọn onímọ̀ ìṣirò iṣẹ́ ní Geneva ní ọdún 2013 mu, ka ẹni tí ó bá fi wákàtí kan péré wá owó mọ́ àwọn tí ó níṣẹ́. Ìlànà yìí mú kí a lè fi Nàìjíríà wé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé 33.3 sí ẹ̀gbẹ́ 4.1 láì ṣàlàyé, kóńgò méjì ni ó fi ń wọn ọjà kan ṣoṣo.

Nítorí èyí ni Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe là á kalẹ̀ ní ọdún 1994 pé kí ilé-iṣẹ́ ìṣirò máa sọ ibi tí ó ti rí iye rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó gbà kà á. Orí iye ni a ń gbé ìpín owó, ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn kà. Ìlú tí a kà ní àkàdín yóò rí àdínkù gbà. Nígbà tí a bá sì kéde iye láì fi òṣùwọ̀n rẹ̀ han ará ìlú, kò yẹ kí ó ya aláṣẹ lẹ́nu bí wọn kò bá gbà á gbọ́.